Ta Ló Lè Pín 2,147,483,647?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí nọ́ńbà kan ti jókòó sí mi lọ́kàn, tí kò fẹ́ dìde: 2,147,483,647. Ẹni tó bá ti kọ ètò kọ̀ǹpútà rí mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ni òǹkà tó ga jù tí àyè bíìtì 32 (ipò 32 tí 0 tàbí 1 máa ń wà) lè gbà, tí a bá ti fi bíìtì kan sílẹ̀ fún àmì ìyọkúrò. Lọ́dún 2014, iye ìgbà tí wọ́n wo fídíò orin kan lórí YouTube kọjá rẹ̀. Lọ́jọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2038, aago inú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá sínú irú àyè bẹ́ẹ̀ máa kún dé ẹnu, á sì dàrú.

Kì í ṣe ìyẹn ló gba oorun lójú mi. Ohun tó gbà á ni gbólóhùn kékeré kan tí mo kà kọjá: pé nọ́ńbà yìí jẹ́ práìmù, pé Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, ló sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn lọ́dún 1772.

Lọ́dún 1772! Ẹ̀rọ ìṣirò kankan kò sí nílẹ̀ tó lè ran ènìyàn lọ́wọ́ lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Euler fúnra rẹ̀, ní St. Petersburg tó ń gbé, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Báwo ni ọkùnrin tí kò ríran ṣe mọ̀ dájú pé, nínú nọ́ńbà tó lé ní bílíọ̀nù méjì, kò sí ẹyọ kan, yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, tó lè pín in láìṣẹ́kù? Tó bá ní òun gbà bẹ́ẹ̀ ni, tàbí pé ó jọ bẹ́ẹ̀, mi ò bá ti ṣí ojú ìwé lọ. Ṣùgbọ́n ó ní òun mọ̀. Mo sì fẹ́ mọ ohun tí “mo mọ̀” yẹn dúró lé.

## Ìtóbi kọ́ ni ìṣòro

Ẹ jẹ́ ká tètè kọjá ibi tó rọrùn. Kò pọn dandan ká fi gbogbo nọ́ńbà tó kéré sí i dán an wò. Bí nọ́ńbà méjì bá sọ ara wọn di púpọ̀ tí èsì rẹ̀ jẹ́ 2,147,483,647, ọ̀kan nínú méjèèjì kò gbọ́dọ̀ ju 46,340 lọ, torí 46,341 lọ́nà 46,341 ti kọjá a. Nínú àwọn tí kò ju 46,340 lọ náà, àwọn práìmù nìkan ló yẹ ká yẹ̀ wò, nítorí ohun tí 6 bá pín, 2 àti 3 ti kọ́kọ́ pín in. Àwọn práìmù ọ̀hún lé ní 4,700. Ẹni tó bá ń fi mẹ́wàá pín in lójúmọ́, tí kò ṣàṣìṣe, tí kò sì ṣàìsàn, yóò parí rẹ̀ láàárín ọdún kan àti oṣù díẹ̀.

Nítorí náà, ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ọ̀nà agbára nìyẹn, kò sì kọ́ wa ní ohunkóhun nípa nọ́ńbà náà. Bí a bá parí rẹ̀, a óò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó pín in, a ò ní mọ ìdí. Ọgbọ́n ju agbára lọ, Euler sì gba ọ̀nà ọgbọ́n.

Láti rí ọ̀nà náà, ó yẹ ká kọ́kọ́ wo bí nọ́ńbà yìí ṣe rí nínú. Bí a bá kọ ọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ ọ́, pẹ̀lú 0 àti 1 nìkan, 1 mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni yóò tò tẹ̀lé ara wọn láìsí òdo kankan láàárín. Ìdí ni pé 2³¹ − 1 ni: a kọ 2 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlélọ́gbọ̀n, a sọ gbogbo wọn di púpọ̀ pọ̀, a wá yọ ẹyọ kan kúrò. Orúkọ Marin Mersenne, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi ń pe irú nọ́ńbà yìí.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín. Òǹkà tó ga jù nínú àyè bíìtì 8 ni 127, práìmù ni. Ti bíìtì 16 ni 32,767, kì í ṣe práìmù, 7 lọ́nà 31 lọ́nà 151 ni. Ti bíìtì 32 ni nọ́ńbà tiwa yìí, práìmù ni. Ti bíìtì 64 ni 2⁶³ − 1, 7 pín in, kódà ó pín in lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe àwọn tó kọ́ kọ̀ǹpútà ló yàn án bẹ́ẹ̀. Òkè orí 2 ni ẹ wò (2⁷, 2¹⁵, 2³¹, 2⁶³): 7 àti 31 jẹ́ práìmù, 15 àti 63 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè bá ṣeé pín, èyí tó ti inú rẹ̀ jáde á ṣeé pín dandan. Ṣùgbọ́n bí ti òkè bá jẹ́ práìmù, kò sí ìlérí kankan. 11 jẹ́ práìmù, síbẹ̀ 2¹¹ − 1, tó jẹ́ 2,047, ṣeé pín. Orí 2,047 yìí gan-an ni ojú mi ti là.

## Agbo 23

Nọ́ńbà méjì ló bí 2,047: 23 àti 89. Mo ti rí wọn nínú ìwé rí, mi ò kà wọ́n sí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ṣàdédé rí i pé 23 fi ẹyọ kan ju 22 lọ, 89 náà sì fi ẹyọ kan ju 88 lọ. 11 lọ́nà 2, 11 lọ́nà 8. Òkè orí 2 sì ni 11 wà. Mo rò pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Mo wo 2²³ − 1, tó jẹ́ 8,388,607. Ohun tó bí i ni 47 àti 178,481. 47 fi ẹyọ kan ju ìlọ́po 23 lọ. Èkejì náà: 178,480 jẹ́ 23 lọ́nà 7,760. Kò ṣe kòńgẹ́ mọ́, òfin ni.

Mo gbé bírò. Mo kọ 1 sílẹ̀, mo ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, bó bá sì ti kọjá 23, mo yọ 23 kúrò lára rẹ̀:

1, 2, 4, 8, 16, 9, 18, 13, 3, 6, 12

Èyí tó kàn jẹ́ 24, mo yọ 23, ó ku 1. Ó ti padà sílé. Ẹ kà wọ́n, mọ́kànlá ni wọ́n. Ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, torí bí 23 bá pín 2¹¹ − 1 láìṣẹ́kù, 2¹¹ fúnra rẹ̀ máa ṣẹ́ ku 1. Ní ìṣísẹ̀ kọkànlá, a ò níbi tí a máa lọ àfi ilé.

Àmọ́ 5 kò sí nínú wọn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ láti 5:

5, 10, 20, 17, 11, 22, 21, 19, 15, 7, 14

Lẹ́yìn náà, 28, yọ 23, ó di 5. Mọ́kànlá tún ni. Ẹ bá mi wo ìlà méjèèjì dáadáa. Gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 22 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí agbo ijó méjì ni wọ́n rí, ènìyàn mọ́kànlá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó dúró síta, kò sẹ́ni tó wà nínú agbo méjì. Bí agbo bá dọ́gba bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé 11 pín 22 láìṣẹ́kù. Ibẹ̀ ni òfin náà ti wá.

Kò sì sí ohun tó jẹ́ ti 23 nìkan nínú rẹ̀. Ẹ mú práìmù èyíkéyìí tó bá pín 2³¹ − 1, ká pè é ní Q. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti 1, tí a ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, tí a ń yọ Q, ìṣísẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n máa dá wa padà sí 1. Ṣé ó lè ti padà ṣáájú ìyẹn? Tó bá ti padà ṣáájú, iye ìṣísẹ̀ tó fi padà gbọ́dọ̀ pín 31 dọ́gba, 31 sì rèé, práìmù, tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni pín òun. Ìṣísẹ̀ ẹyọ kan náà kò sì lè dá 2 padà di 1. Nítorí náà, agbo kọ̀ọ̀kan gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n gẹ́lẹ́. Àwọn tó fẹ́ wọ agbo, láti 1 dé Q − 1, ni a sì gbọ́dọ̀ lè pín sí agbo bẹ́ẹ̀ láìṣẹ́ku ẹnikẹ́ni. 31 gbọ́dọ̀ pín Q − 1.

Mo dìde nílẹ̀. Èmi tí mo ti ń ronú nípa bí a ṣe lè yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà wò, mi ò rò ó rí pé a lè dúró síbi kan ká bi nọ́ńbà náà pé: irú ta ni kò lè pín ẹ láéláé? Ó sì dáhùn.

## Àwọn tó kù lẹ́nu ọ̀nà

Ó kù kí Euler fi òfin yìí ṣiṣẹ́. Q kò lè jẹ́ nọ́ńbà tí 2 pín, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 62, kí a fi 1 kún un. Ọgbọ́n kejì tún wà, màá kàn fọwọ́ bà á: bí 2³¹ bá ṣẹ́ ku 1, 2³² máa ṣẹ́ ku 2. 2³² sì jẹ́ 2¹⁶ lọ́nà 2¹⁶. A jẹ́ pé, lójú Q, 2 jẹ́ nọ́ńbà kan tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo práìmù ló gba ìyẹn. Àwọn tó gbà á ni àwọn tó jẹ́ pé bí a bá fi 8 pín wọn, yóò ku 1 tàbí 7. Pa òfin méjèèjì pọ̀, Q gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 248 tí a fi 1 kún tàbí tí a fi 63 kún.

Nínú gbogbo práìmù láti 2 dé 1,303, tí wọ́n lé ní igba, méjì péré ló yege ìdánwò yìí: 311 àti 1,303 fúnra rẹ̀. Ẹ lè dán wọn wò báyìí. Fi 311 pín 2,147,483,647, ó ku 35. Fi 1,303 pín in, ó ku 226. Bí a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ dé 46,340, nǹkan bí ọgọ́rin ìpín ni yóò jẹ́ ní àpapọ̀, dípò ohun tó lé ní 4,700. Ọkùnrin tí kò ríran lè ṣe ọgọ́rin. Ó ṣe é, kò sí èyí tó pín in, ó kọ èsì rẹ̀ sínú lẹ́tà sí onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Bernoulli, ó sì tán.

Nígbà tó di 1811, Peter Barlow, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé nọ́ńbà pípé (èyí tí àpapọ̀ gbogbo nọ́ńbà tó pín in, láìka òun fúnra rẹ̀, dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀) tí a fi èyí kọ́, ìyẹn 2³⁰ lọ́nà 2,147,483,647, ni èyí tó tóbi jù tí a máa rí láéláé, torí pé kò wúlò fún nǹkan kan, kò sì sí ẹni tó máa wahala láti wá òmíràn kọjá rẹ̀. Ó mọ ìṣirò dáadáa o, ènìyàn ni kò mọ̀. Nǹkan tí kò wúlò gan-an ni ènìyàn máa ń wá jù.

## Aládùúgbò tó ń jẹ́rìí

Lẹ́yìn tí mo lóye ti Euler, mo rò pé ọkàn mi máa balẹ̀. Kò balẹ̀. Ẹ̀rí Euler ṣì ní kí n gbà pé ọgọ́rin ìpín náà ni wọ́n ṣe láìsí àṣìṣe. Mo fẹ́ ẹ̀rí tí nọ́ńbà náà máa jẹ́ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé mo ń lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, mo sì rí òmíràn: ẹ bi àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni 2,147,483,648, tí kò ní nǹkan kan nínú ju 2 lọ, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ni 2,147,483,646. Ẹ wo bó ṣe fọ́ wẹ́wẹ́: 2 × 3 × 3 × 7 × 11 × 31 × 151 × 331. Àárín àwọn méjì tó rọ̀ bí èyí ni ẹni tí kò ṣeé pín jókòó sí. Rírọ̀ wọn gan-an sì ni ohun tó jẹ́ kí a lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.

Ẹ padà sí agbo. Lọ́tẹ̀ yìí, kí 2,147,483,647 fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí a ń yọ. Bí a bá ń fi 2 sọ di púpọ̀, agbo tí 1 wà kò gba ju mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ, a ti mọ̀yẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi 7 rọ́pò 2, nǹkan yí padà. 7 máa rìn, yóò rìn, yóò kan gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 2,147,483,646 lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó padà sílé. Agbo kan ṣoṣo, gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Kí ni ìyẹn fi hàn? Ẹni tí ohun kan náà bá lè pín òun àti nọ́ńbà tí a ń yọ kò lè wọ agbo tí 1 wà. Bó ti wù kí a sọ ọ́ di púpọ̀ tó, ohun tó pín wọn yẹn á máa tẹ̀lé e, kò ní jẹ́ kó di 1 láé. Bí gbogbo nọ́ńbà tó kéré sí 2,147,483,647 bá wá wà nínú agbo 1, a jẹ́ pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí òun àti 2,147,483,647 jọ ní nǹkan pọ̀. Práìmù ni. Kò sí ìpín kankan tí a ṣe.

Ẹ máa bi mí pé ta ló máa ka agbo ẹni bílíọ̀nù méjì. Ẹnikẹ́ni kò ní kà á. Iye ìṣísẹ̀ tí agbo fi ń padà sílé gbọ́dọ̀ pín 2,147,483,646 bí 7 bá ti padà sí 1 ní ìṣísẹ̀ yẹn. Nítorí náà, a kàn ń wò ó bóyá ó padà ní ìṣísẹ̀ 2,147,483,646, ká sì rí i dájú pé kò tíì padà nígbà tí a fi 2, 3, 7, 11, 31, 151 tàbí 331 pín iye yẹn. Ibi àyẹ̀wò mẹ́jọ péré ni. Bí a bá sì ń fi èsì kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ (7, 7², 7⁴, 7⁸), ìṣísẹ̀ bí ọgbọ̀n ló máa gbé wa dé ìdí bílíọ̀nù méjì. Lọ́dún 1975, Vaughan Pratt fi hàn pé gbogbo práìmù, bó ti wù kó tóbi tó, ló ní ìwé-ẹ̀rí kúkúrú irú èyí. Rírí ìwé-ẹ̀rí náà ni wàhálà. Bó bá ti wà lọ́wọ́ ẹni, ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn oníkọ̀ǹpútà ti ń lo agbo yìí tipẹ́tipẹ́ láìbìkítà nípa ẹ̀rí kankan. Lọ́dún 1988, Park àti Miller, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, dábàá pé kí wọ́n máa fi 16,807, tó jẹ́ 7⁵, pèsè nọ́ńbà tó jọ ti àìròtẹ́lẹ̀, kí 2,147,483,647 sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń yọ. Ó wà nínú C++, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, dòní. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kì í tún ara rẹ̀ ṣe títí yóò fi kárí gbogbo agbo. Ohun tó jẹ́ ẹ̀rí práìmù fún mi ni irinṣẹ́ fún wọn. Barlow ì bá gbọ́.

## Mímọ̀ pé ó fọ́, láìrí àfọ́kù

Aládùúgbò ẹ̀yìn náà ń jẹ́rìí. Édouard Lucas, ọmọ Faransé, ló rí bí a ṣe lè gbọ́ ọ, D. H. Lehmer sì tún un ṣe ní 1930. Ó rọrùn débi pé ó ń ya ènìyàn lẹ́nu. Bẹ̀rẹ̀ láti 4. Sọ ọ́ di púpọ̀ fúnra rẹ̀, yọ 2, di àṣẹ́kù mú, tún un ṣe. Fún 2⁵ − 1, tó jẹ́ 31: 4, lẹ́yìn náà 14, lẹ́yìn náà 194 tó ṣẹ́ ku 8, lẹ́yìn náà 62 tó ṣẹ́ ku 0. Bó bá bọ́ sí òdo ní ìṣísẹ̀ tó fi méjì kéré sí nọ́ńbà òkè, práìmù ni. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, kì í ṣe práìmù. Fún 2,047, ìṣísẹ̀ kẹsàn-án fún wa ní 1,736. Ó ti tán nìyẹn. A mọ̀ pé ó fọ́, àmọ́ ìdánwò yìí kò dárúkọ 23 tàbí 89.

Ibí yìí ló ti gbò mí jù. Mersenne ti to àwọn nọ́ńbà òkè tó ní wọ́n ń bí práìmù sílẹ̀ lọ́dún 1644, 67 sì wà nínú wọn. Fún ohun tó lé ní igba ọdún, kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ọjọ́ náà dé lọ́dún 1876, nígbà tí Lucas fi hàn pé 2⁶⁷ − 1 ṣeé pín. Kí ló pín in? Kò mọ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ kò pọn dandan fún un láti mọ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kọjá. Ní October 1903, Frank Nelson Cole dìde níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò Amẹ́ríkà ní New York. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé kò la ẹnu sọ̀rọ̀. Ó ṣírò 2⁶⁷ − 1 sójú pátákó, ó jẹ́ 147,573,952,589,676,412,927. Ó bọ́ sí apá kejì pátákó, ó sọ 193,707,721 àti 761,838,257,287 di púpọ̀ láti ìlà dé ìlà. Èsì kan náà. Ó padà lọ jókòó, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ta ló mọ̀ jù nínú àwọn méjèèjì? Mo ti ń bi ara mi láti ìgbà tí mo ti ń ka ìtàn yìí. Èsì Cole, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú bírò àti sùúrù. Ti Lucas gba pé kí ènìyàn kọ́kọ́ lóye ìdí tí òdo fi jẹ́ àmì. Àtẹ́wọ́ Cole tọ́ sí i, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìmọ̀ Lucas ló jinlẹ̀ jù, torí ó mọ ohun tí nọ́ńbà náà jẹ́ láìtú u palẹ̀. Ẹ sì fi òfin agbo wo ẹni tí Cole mú: 193,707,720 jẹ́ 67 lọ́nà 2,891,160. Kò sá kúrò nínú òfin.

Àyẹ̀wò Lucas yìí la ṣì dúró lé dòní. Práìmù tó tóbi jù tí a mọ̀ báyìí, 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1, tí Luke Durant rí ní October 2024 nínú iṣẹ́ àjọṣe tí wọ́n ń pè ní GIMPS, ní díjíìtì 41,024,320. Ìdánwò mìíràn tó yá ló kọ́kọ́ ta wọ́n lólobó, kí àyẹ̀wò Lucas àti Lehmer tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lórí ẹ̀rọ mìíràn. Kò sẹ́ni tó máa ka díjíìtì wọ̀nyẹn tán. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé òdo jáde ní ìparí, a sì mọ ohun tí òdo túmọ̀ sí.

## Agbo orí agbo

Bí 31 ṣe gbé práìmù wa jáde, ó wu ènìyàn láti gbé práìmù wa náà sókè orí 2: 2²¹⁴⁷⁴⁸³⁶⁴⁷ − 1. Nọ́ńbà yẹn ní díjíìtì tó lé ní mílíọ̀nù 646, ó ju ti 2024 lọ fíìfíì. Àyẹ̀wò Lucas máa gba ìṣísẹ̀ tó lé ní bílíọ̀nù méjì, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí nọ́ńbà tó tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin agbo kò bìkítà nípa díjíìtì. Ohunkóhun tó bá pín in gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 4,294,967,294, kí a fi 1 kún un. Wọ́n tò wọ́n, wọ́n ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé orí èyí tó wà ní ipò 68,745. Ìyẹn ni 295,257,526,626,031. Ó pín in láìṣẹ́kù. Díjíìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wó díjíìtì mílíọ̀nù 646 lulẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo ṣírò ìlọ́po yẹn fúnra mi, ó sì pé.

Ìdílé kejì wà tó ṣì dúró. Láti 2 a dé 3, láti 3 a dé 7, láti 7 a dé 127, láti 127 a dé 2¹²⁷ − 1, nọ́ńbà díjíìtì 39 tí Lucas fi ọwọ́ ṣírò ẹ̀rí rẹ̀ lọ́dún 1876, tó sì jẹ́ práìmù tó tóbi jù tí ayé mọ̀ fún ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Gbogbo wọn ni práìmù. Èyí tó kàn ni kí a gbé 2¹²⁷ − 1 yẹn sókè orí 2. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa ṣe àyẹ̀wò Lucas fún un láéláé, torí kò sí ibi tí a máa kọ nọ́ńbà náà sí, ká tó máa sọ ọ́ di púpọ̀.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣì ṣí sílẹ̀ ni ti agbo, kí a máa wá ẹni tó lè pín in láàárín àwọn ìlọ́po 2¹²⁸ − 2 tí a fi 1 kún. Tí wọ́n bá ní kí n ta tẹ́tẹ́, màá sọ pé ó ṣeé pín, torí bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni práìmù ṣe ń ṣọ̀wọ́n tó. Tẹ́tẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ti yẹ ẹni àkọ́kọ́ lórí ìlà wò fúnra mi, 2¹²⁸ − 1. 3 pín òun fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe práìmù, kò sì sí lára àwọn tí à ń wá. Mo ti bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e.